Bí mo ṣe gba owó ìyáàlù mi tí àwọn kúríà bà jẹ́, àti bá a ṣe tún un ṣe

Ìyáàlù dùndún tí mò ń sọ yìí, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, igi apá ni, òun àti gúdúgúdú kan ni mo jọ ní kí wọ́n bá mi ṣe. Àwa Yorùbá tá a wà ní Kúbwà níbí ní Àbújá, tí ìnáwó bá ti dé, gángan làwọn èèyàn sábà máa ń gbé wá, gángan dáa lóòótọ́, àmọ́ ohùn ìyáàlù, èyí tó rinlẹ̀ yẹn tó máa ń mú àgbàlagbà dìde lórí ìjókòó, kò sí lára ẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó pa mọ́ nítorí ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun á mọ̀ pé ilé àwọn Àyàn ni, ibẹ̀ ni Rábíù Àyándòkun ti wá, ẹni tó gbé dùndún àti bàtá dé òkè òkun, nítorí náà nígbà tí Bàbá tó ń ṣe tèmi ní kí n ní sùúrù kí igi gbẹ dáadáa, mo ní sùúrù.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé àwọn tá a jọ ń ṣeré, onílù, onífèrè, àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kúríà ti ba nǹkan wọn jẹ́ rí, tí wọ́n á sì ní àwọn ti fa ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi ò fi sílẹ̀. Mo gba owó, ìlù sì tún ń fọhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Bí wọ́n ṣe dì í ni màá kọ́kọ́ sọ torí orí ìyẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà padà dá lé. Bàbá ò kàn ju ìlù sínú páálí o. Wọ́n kọ́kọ́ dẹ ọṣán, ìyẹn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, kí awọ má bàa le lójú ọ̀nà, torí awọ ojú ìyáàlù fẹ́lẹ́ gan-an, awọ ewúrẹ́ ni, àwọn kan tiẹ̀ máa ń lo awọ ọmọ inú ewúrẹ́, tí ooru inú ọkọ̀ bá bá a níbi tó ti le, yíya ló máa ya. Wọ́n fi aṣọ wé ṣaworo, àwọn agogo wẹ́wẹ́ tó wà lára ìlù, kó má máa gbá igi, wọ́n fi fóòmù wé gbogbo ara ẹ̀, wọ́n gé páálí líle bo ojú awọ méjèèjì, gúdúgúdú wà nínú páálí tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n tó wá kó gbogbo ẹ̀ sínú páálí ńlá. Ọmọ wọn ń fi fóònù ya fídíò gbogbo ẹ̀ torí èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, inú mi ń dùn ni, mo fẹ́ máa rí ìlù mi kó tó dé. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé nǹkan ẹlẹgẹ́ ni, wọ́n ya ọfà síbi tó yẹ kó wà lókè. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ́físì kúríà ní Òṣogbo wọ́n bi wọ́n pé èló ni ọjà yìí, Bàbá sọ iye tó jẹ́ gan-an, wọ́n kọ ọ́ sórí waybill, ìwé tí wọ́n fi ń gba ẹrù, mo sì san owó ìnṣọ́ránsì lé e.

Àwọn èèyàn kan máa ń ní kí wọ́n kọ owó kékeré síbẹ̀ kí owó ìfiránṣẹ́ má bàa pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Iye tẹ́ ẹ bá kọ ni wọ́n máa fà yọ sí yín lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, tẹ́ ẹ bá sì yí waybill wọn sẹ́yìn ẹ máa rí i ní lẹ́tà wínníwínní pé ẹni tí ò bá sọ iye ọjà ẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ kan ni wọ́n máa san fún un, bó ti wù kí ọjà náà wọ́n tó.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò tíì ṣí i tí mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é. Igun páálí kan ti wó wọlé pátápátá, ipa bàtà wà lára ẹ̀, ọfà tó yẹ kó wà lókè ń wo ilẹ̀, bí mo sì ṣe gbé e báyìí mo gbọ́ tí ṣaworo ń ró, ṣaworo tí wọ́n fi aṣọ wé lójú mi nínú fídíò. Ọmọ tó gbé e wá, ọmọ Ìlọrin ni, ó ń kánjú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sáìnì, ibi tí mo fẹ́ dé ṣì pọ̀." Mo ní, "Àbúrò, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lo bà á jẹ́, àmọ́ mi ò ní sáìnì tá ò bá jọ ṣí i." Ó ní ọ̀gá àwọn ò gbà kí àwọn dúró, mo ní kó pe ọ̀gá náà kí n bá a sọ̀rọ̀, ó pè é, a sọ ọ́ síwá sẹ́yìn, ó dúró.

Kí n tó fọwọ́ kan téèpù ara ẹ̀ mo ti ya fọ́tò páálí yẹn yípo, igun tó wó, ipa bàtà, ọfà, àti nọ́ńbà waybill kó lè hàn pé páálí yẹn náà ni. Ìyàwó mi wá gba fóònù, ó ń ya fídíò, èmi ń fi ọ̀bẹ gé e. Ojú awọ kan ti ya láti etí wọ àárín. Ọṣán ti já níbi tó pọ̀. Igi sán láti ibi tó ti fún ní àárín lọ sókè, kò gùn púpọ̀ ṣùgbọ́n ìka mi mọ̀ ọ́n. Ṣaworo kan ti já kúrò, a wá a nínú páálí títí, a ò rí i. Ìda tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú gúdúgúdú ti yọ́ kúrò, ó ti lẹ̀ mọ́ páálí, ìyẹn fi hàn pé ibi tó gbóná gan-an ni wọ́n kó ẹrù sí, wọ́n sì dojú ẹ̀ délẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Ọmọ Ìlọrin yẹn pàápàá ṣí fìlà, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́."

Ibi tí wọ́n ní ká sáìnì sí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i: mo gbà á ní bíbàjẹ́, awọ ya, igi sán, ọṣán já, páálí ti wó kó tó dé. Ọmọ náà kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, mo ya ìwé yẹn kó tó mú un lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló wúlò jù, torí tẹ́ ẹ bá ti sáìnì lásán, ohun tí ìwé ń sọ ni pé ẹ gba ọjà yín ní pípé, ẹ wá máa fi ẹnu nìkan jà.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn, fọ́tò, fídíò, waybill, gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n máa wò ó. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn ìyẹn ni pé àwọn tó fi í ránṣẹ́ ni ò dì í dáadáa. Mo fi fídíò Bàbá ránṣẹ́, fóòmù, aṣọ, páálí, gbogbo ẹ̀ hàn kedere, ọ̀rọ̀ yẹn kú síbẹ̀. Ni wọ́n bá gbé òmíràn dé. Ọkùnrin kan pè mí láti ọ́físì wọn, Yorùbá ni, ó ní, "Ọ̀gá, ìlù ni o, igi àti awọ ni, ẹ kàn pààrọ̀ awọ ẹ̀, a máa dá owó ìfiránṣẹ́ yín padà." Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Tó bá jẹ́ gìtá tí wọ́n rà ní òkè òkun ni, wọn ò ní sọ pé igi àti wáyà lásán ni. Asọ̀rọ̀-igi là ń ki Àyàn, ẹni tó lè mú igi sọ̀rọ̀ kọ́ iṣẹ́ yẹn láti kékeré, ọwọ́ ẹ̀ ló ń ta, kì í ṣe igi.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo pe Bàbá, mo ní kí wọ́n bá mi ka gbogbo nǹkan tó wà lára ìlù yẹn pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná ni láti tún ṣe. Bàbá ń sọ ọ́, ọmọ wọn ń tẹ̀ ẹ́: igi apá àti owó gbígbẹ́, awọ ojú méjèèjì, ẹgi tí wọ́n na awọ lé, ọṣán, ṣaworo, ìda, owó iṣẹ́. Bàbá tẹ̀ka sí i, mo so rísíìtì tí mo fi ra ìlù mọ́ ọn. Lẹ́tà yẹn yí ohùn wọn padà torí kò sí ẹni tó lè tún sọ pé igi àti awọ lásán ni nígbà tí iye ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lórí ìwé.

Nínú lẹ́tà tèmi mo fi òfin kún un. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, tọdún 2018, ẹ̀ka 130 ẹ̀ sọ pé tẹ́ ẹ bá gbé nǹkan yín fún ẹni tó máa bá yín ṣiṣẹ́, bó ṣe wà nígbà tó gbà á ló gbọ́dọ̀ wà nígbà tó bá dá a padà, ó kéré tán. Àjọ FCCPC ló ń bójú tó òfin yẹn, ẹ lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Àwọn kúríà náà ní ọ̀gá, ẹ̀ka kan wà ní NIPOST, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba, tó ń fún wọn níwèé àṣẹ tó sì ń mójú tó wọn. Mo sọ fún wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ibi méjèèjì ni lẹ́tà mi tó kàn ń lọ, mo sì dárúkọ ọjọ́ tí mo máa fi í ránṣẹ́. Mi ò bú ẹnikẹ́ni, mi ò pariwo. Kó tó di ọjọ́ yẹn mánéjà wọn pè, wọ́n rán ẹnìkan wá wo ìlù, wọ́n gbà láti san gbogbo owó àtúnṣe tí Bàbá kọ, wọ́n sì dá owó ìfiránṣẹ́ padà. Wọ́n mú ìwé kan wá pé kí n fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti parí, mo ní kó dúró di ìgbà tí owó bá wọ àkáǹtì, ó sì dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ìlù ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, òfin mìíràn ló de tiyín. Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ òfuurufú ló gbé e, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Montreal, ti 1999 ló wà níbẹ̀, ó sì ní kẹ́ ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 14 sígbà tẹ́ ẹ gba ẹrù, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ yín ti kú nìyẹn. Ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó tí wọ́n máa san, láti ìparí 2024 kò lè ju SDR 26 lọ lórí kílò kan, SDR ni owó ìṣirò tí àjọ IMF ń lò, ọ̀kan ẹ̀ sì fi díẹ̀ ju dọ́là kan lọ, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti sọ iye ọjà ṣáájú kẹ́ ẹ sì san owó lé e. Ẹ wo ìyáàlù, kò wúwo rárá! Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fi ìlù ránṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ sọ iye ẹ̀, torí tí wọ́n bá fi kílò wọ̀n ọ́n, ẹ ò ní rí nǹkan gidi gbà.

Ní ti àtúnṣe, mi ò tún fi í ránṣẹ́ mọ́ o, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sílé, orí itan mi ló wà láti Àbújá dé Òṣogbo. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka kan igi ẹ̀ yípo, wọ́n ń fetí sí i, wọ́n fi àtàńpàkò tẹ ibi tó sán, wọ́n ní, "Orí ẹ bá ẹ ṣe é, kò dé etí." Tó bá dé etí níbi tí awọ máa ń jókòó lé, igi tuntun ni. Wọ́n tú ọṣán, wọ́n yọ awọ méjèèjì, wọ́n ta gọ́ọ̀mù káfíńtà sínú ibi tó sán, wọ́n po eruku igi apá mọ́ ọn dí ojú ẹ̀, wọ́n wá fi rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù mọ́tò dì í pinpin, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó gbẹ.

Èmi rò pé ọṣán tó já nìkan la máa pààrọ̀. Bàbá ní rárá. Ọṣán àtijọ́ ti nà tán, tuntun ṣì máa nà, tí wọ́n bá jọ wà lára ìlù kan náà, tó o bá fún un mọ́ra, apá kan á fa awọ, apá kejì á dẹ̀, ohùn ò ní gòkè dọ́gba. Gbogbo ọṣán la pààrọ̀. Ojú awọ tó ṣì dáa wọ́n dá a padà síbẹ̀, èyí tó ya ni wọ́n fi tuntun sí, wọ́n rẹ awọ yẹn sínú omi mọ́jú, wọ́n fá irun ẹ̀, wọ́n nà án lé ẹgi nígbà tó ṣì tutù, wọ́n ń fi ọṣán gbà á láti ojú kan sí èkejì, ọwọ́ wọn ń yára débi pé ojú mi ò bá a. Ìbòòji ni wọ́n gbé e sí. Tẹ́ ẹ bá sá a sóòrùn, á gbẹ kíákíá lóòótọ́, àmọ́ awọ á gan, kò sì ní pẹ́ ya.

Ti gúdúgúdú ò gba àkókò púpọ̀, wọ́n fi ọwọ́ po ìda títí ó fi rọ̀, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ wọ́n ń lù ú, wọ́n ń yọ, wọ́n ń fi kún un, títí ohùn ẹ̀ fi wà níbi tí wọ́n fẹ́.

Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ̀ǹgọ́ kan ìyáàlù, ohùn ẹ̀ ò là, ó ń dún gbọ̀ọ̀. Àyà mi já. Bàbá ní awọ tuntun ni, ó máa dẹ̀ ká tó tún fà á, wọ́n tún ọṣán fà, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n tún fà á. Nígbà tó yá wọ́n gbé e kọ́ èjìká, wọ́n fi í ki mí látorí ìdílé bàbá mi, ohùn ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, ti àárín wà níbẹ̀, ti òkè mú ṣáṣá. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn nínú erùpẹ̀ ibẹ̀.

Mo ti gbé e jáde níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kúbwà, ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọyẹ́ Àbújá máa ń gbẹ awọ ju ti Ọ̀ṣun lọ, nítorí náà mo máa ń dẹ ọṣán ẹ̀ tí mi ò bá lù ú, mo sì ń fi aṣọ bò ó. Ṣaworo kan tó sọ nù yẹn ló ṣì kù, ẹni tó ń rọ ọ́ ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Bàbá, tí mo bá lọ sílé lọ́dún ni màá mú un bọ̀.