Ìwé Kíláàsì Ṣáájú Ọjà: Bí Ìjọ Elétò Mẹ́rin Ṣe Lè Jùmọ̀ Pín Oúnjẹ

Ọjà ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pín oúnjẹ fún aláìní. Wọ́n á dáwó, wọ́n á ra ìrẹsì, wọ́n á kéde ọjọ́. Èrò á wọ́ dé, alágbára á ti aláìlera sẹ́yìn, àpò á sì gbẹ kó tó kan àwọn tí wọ́n torí wọn rajà. Owó kọ́ ló sábà ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́, àìmọ ẹni tí ebi ń pa lóòótọ́ ni. Ìjọ Elétò (Methodist) sì ti ní irinṣẹ́ fún un látọjọ́ pípẹ́: kíláàsì, ìyẹn ẹgbẹ́ kékeré nínú ìjọ tí olórí kan ń bójú tó.

Gbèsè ló bí kíláàsì. Ní Bristol, nílẹ̀ England, lọ́dún 1742, àwọn ènìyàn John Wesley, olùdásílẹ̀ Ìjọ Elétò, ń ronú bí wọ́n ṣe máa san gbèsè ilé ìpàdé wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí kálukú máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ni kò ní in. Ó ní kí wọ́n kó mọ́kànlá tó tòṣì jù lọ fún òun. Èyí tí kò bá rí tirẹ̀ san, òun á san án. Bí àwọn olórí kíláàsì ṣe ń wọ ilé kiri gba owó náà ni wọ́n ń mọ ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀ àti ẹni tí iná kò jó nínú ààrò rẹ̀. Owó ni wọ́n wá lọ, ìròyìn ilé ni wọ́n mú bọ̀.

Ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti ìjọ mẹ́rin ní sẹ́kíìtì kan náà (àwọn ìjọ tó wà lábẹ́ àbójútó kan), tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì mẹ́ta. Bí tiyín bá dín tàbí tó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún un ṣírò.

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ fún olórí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì àti káàdì márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìpín oúnjẹ kan. Olórí méjìlá, káàdì 60 nìyẹn. Ó kéré tán, méjì nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Láìsí òfin yìí, inú ìjọ ni oúnjẹ á máa yí po, opó tó ń gbé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kò sì ní gbọ́ rárá. Ilé tí ènìyàn inú rẹ̀ bá ju mẹ́fà lọ máa gba káàdì méjì nínú márùn-ún yẹn.

Ohun tí olórí máa kọ kò pọ̀: orúkọ, àdírẹ́sì, iye ènìyàn inú ilé, bóyá ọmọ ọwọ́ tàbí aláìsàn wà níbẹ̀, bóyá wọ́n lè wá fúnra wọn. Kí ó má bi wọ́n ní iye owó tó ń wọlé fún wọn, kí ó má sì ní kí wọ́n ka ìyà wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó bá ní láti sunkún kó tó gba ìrẹsì kò ní fẹ́ rí olórí kíláàsì náà mọ́.

Nígbà tí ìwé ìjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dé, ẹ tò wọ́n lọ́nà méjì, nípa orúkọ àti nípa àdírẹ́sì. Ti àdírẹ́sì ló máa ń tú àṣírí: ọkọ ti forúkọ sílẹ̀ ní ìjọ kan, ìyàwó ti forúkọ sílẹ̀ ní òmíràn, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Kì í ṣe olè; ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bi wọ́n, wọ́n sì dáhùn. Ẹ yọ ọ̀kan, ẹ fún ilé mìíràn. Lẹ́yìn èyí, nọ́ńbà káàdì, 1 sí 60, ló kù tí ẹ máa máa pè. Ọwọ́ akọ̀wé kan ṣoṣo ni ìwé orúkọ ń gbé.

Owó àti kọ́kọ́rọ́

Ẹni mẹ́ta láti ìjọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kó ní àṣẹ lórí àkáǹtì, kí méjì nínú wọn sì fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ tọkọtaya tàbí ọmọ ìyá. Ìríjú méjì ni kó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkóǹkansí. Ẹ má fún pásítọ̀. Kì í ṣe pé a kò gbà á gbọ́ o. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń lọ lóru, kò sì ní lè sọ pé rárá. Bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa bínú sí i.

Kíkó oúnjẹ jọ

Bí ẹ bá kéde pé “ẹ mú ohun tí ẹ bá ní wá”, ẹ máa rí agolo tòmátì ogójì, òróró kankan kò sì ní sí níbẹ̀. Ẹ pín in fún ìjọ: ọ̀kan mú ìrẹsì, ìkejì mú ẹ̀wà, ìkẹta mú òróró àti iyọ̀, ìkẹrin mú ọṣẹ àti oúnjẹ inú agolo. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta tó fún kíkó o jọ; tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, á ti sú àwọn ènìyàn.

Ẹ dá ohun tí wọ́n ti ṣí padà, àti èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Agolo tó wú ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Kòkòrò àìfojúrí ló ń mú afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i wò, kí ẹnikẹ́ni má tọ́ ọ wò, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tí ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ bá ti tẹ̀ wọnú tàbí tó ti dípẹtà, ìdọ̀tí náà ni.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Káàdì kọ̀ọ̀kan máa gba kílò 2 ìrẹsì, kílò 1 ẹ̀wà àti lítà 1 òróró. Lórí ìwé, àpò ìrẹsì kílò 50 jẹ́ ìpín 25. Lórí tábìlì, 24 ni ẹ máa rí: eruku wà nísàlẹ̀ àpò, díẹ̀ dà sílẹ̀, ọwọ́ sì máa ń wúwo díẹ̀ nígbà tí a bá ń wọ̀n fún ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe wá. Àpò mẹ́ta á fún yín ní ìpín 72, ìyẹn 60 àti 12 tó máa wà ní ìpamọ́. Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 mẹ́ta náà á jẹ́ 72. Ẹ̀wà kílò 75 á tó.

Ẹ̀yìn ìpín mẹ́wàá-mẹ́wàá ni kí ẹ gbé ohun tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, torí ó máa ń yí díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ fi ọ̀rá méjì wọ inú ara wọn. Ọ̀rá kan ṣoṣo máa ń ya ní igun bí ẹni tó gbé e bá ṣe ń rìn lọ. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọrùn rẹ̀, ẹ ká a wálẹ̀, kí ẹ tó so ó. Ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ bá wọn wọ ọ̀rá kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òórùn rẹ̀ ni wọ́n máa jẹ.

Nínú yàrá ìkóǹkansí, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lé pákó, kó jìnnà sí ilẹ̀ àti sí ògiri ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15. Ilẹ̀ ń fa omi sínú àpò, ẹ̀bá ògiri sì ni eku ń gbà kọjá. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ni kó wà níwájú.

Ọjọ́ pínpín

Ẹ pe nọ́ńbà 1 sí 20 fún aago 9 àárọ̀, 21 sí 40 fún aago 10, ìyókù fún aago 11. Ẹ tẹ́ àga fún wọn. Ẹni mẹ́rìnlá tó láti ṣe iṣẹ́ náà: méjì lẹ́nu ọ̀nà, méjì nídìí ìwé, mẹ́fà nídìí tábìlì mẹ́ta, méjì tó ń bá arúgbó gbẹ́rù, méjì tó ń gbé e lọ sílé.

Àdúrà kúkúrú tó. Ẹ má fi ìwàásù há ènìyàn mọ́lé kí ẹ tó fún un lóúnjẹ; ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìwàásù mọ ọjọ́ Ìsinmi. Nínú ìlànà tí Wesley kọ fún àwọn ìríjú rẹ̀ lọ́dún 1747, ó ní bí wọn kò bá lè ran aláìní lọ́wọ́, kí wọ́n má bà á lọ́kàn jẹ́, kí inú rẹ̀ dùn pé òun wá kódà bó bá lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ ka ìyẹn sétí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí ilẹ̀kùn tó ṣí, torí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ líle ti sábà ń jáde.

Ẹ má ya fọ́tò ojú ẹnikẹ́ni. Bí ìjọ bá fẹ́ rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ṣe, ẹ ya àpò tí ẹ ti dì sórí tábìlì.

Ẹni tí kò ní káàdì máa wá, ó dájú. Ìpín 12 tó wà ní ìpamọ́ jẹ́ tiwọn. Bí ó bá tán, ẹ gba orúkọ àti àdírẹ́sì wọn fún olórí kíláàsì tó sún mọ́ wọn. Ẹ má sọ pé “ẹ padà wá lọ́la” bí kò bá sí ohun tí ẹ máa fún wọn lọ́la.

Ti àwọn tí kò lè jáde nílé ni kó kọ́kọ́ kúrò lórí tábìlì. Ẹni méjì ló ń gbé e lọ, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo láé. Bí ọmọdé bá ṣílẹ̀kùn tí àgbàlagbà kò sí nílé, wọn ò gbọdọ̀ wọlé. Kí wọ́n padà wá nígbà tí òbí bá dé.

Lẹ́yìn rẹ̀

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ ka ìwé kan náà ní ìjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó kù. Iye nìkan, kò sí orúkọ. Bí ìwé ìjọ kan bá yàtọ̀ sí ti òmíràn, ariwo á ti ta kó tó di ọjọ́ Ajé.

Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí olórí kíláàsì tún àwọn ilé tó fún ní káàdì bẹ̀ wò. Ẹni tó ti ríṣẹ́ á dá káàdì padà; ìkọ̀kọ̀ ni kí ẹ ti bá a sọ ọ́. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sọ pé òun fẹ́ bá yín wọn ìrẹsì, ẹ fún un láyè nídìí tábìlì lóṣù tó ń bọ̀. Nọ́ńbà tó dá padà, ẹ jẹ́ kó sinmi fún oṣù kan kí ẹ tó fún ẹlòmíràn, kí ìwé má baà da ẹni àná pọ̀ mọ́ ẹni tòní.