Kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, má jẹ́ kí ọkọ́ kan ilẹ̀

Dọ́là 1,400 ni mo san fún oníkatakata kí n tó gbọ́ pé kò yẹ kí ọkọ́ tíì kan ilẹ̀ rárá, nígbà tí ìjọba ò tíì buwọ́ lu àdéhùn owó ìrànwọ́ oko mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi, ara mi sì ni mò ń bínú sí jù.

Maryland ni oko mi wà: éékà mẹ́rin tí mo yá lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan, tí mo ń gbin ewédú, ṣọkọ àti ata rodo sí. Ilẹ̀ náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lọ́dún kejì, àgbàrá òjò la ebè ewédú já ní ọ̀nà méjì, kòtò tó gbẹ́ mù mí dé orúnkún, gbogbo ilẹ̀ ọlọ́ràá wọ́ lọ sódò.

EQIP ni wọ́n júwe fún mi, ètò tí NRCS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìtọ́jú ilẹ̀, fi ń bá àgbẹ̀ gbé nínú ìnáwó irú iṣẹ́ yìí. Òṣìṣẹ́ wọn wá wo oko, ó ní kí n la ojú àgbàrá méjì, kí n gbin koríko sínú wọn, kí n sì máa fi ráì, irú ọkà kan, bo ilẹ̀ nígbà òtútù. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn o, mo pe oníkatakata. Kò sẹ́ni tó rán mi. Iṣẹ́ téèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lu àdéhùn, wọn kì í sanwó ẹ̀. Bí ojú àgbàrá àkọ́kọ́ ṣe di ẹrù tèmi nìkan nìyẹn.

Ti fọ́ọ̀mù, ẹni tó ti gba káàdì ìgbélùú rí kò tún ń bẹ̀rù fọ́ọ̀mù. Ibi tí ojú mi ti rí màbo ni nọ́ńbà oko, èyí tí ìjọba fi ń dá oko kọ̀ọ̀kan mọ̀. Láìsí i, ìwé ò lè rìn, oko tí mo yá ò sì ní. Wọ́n ní kí n mú ìwé ilẹ̀ wá. Ìwé jáde, orúkọ ìyá tó bí bàbá òyìnbó náà ló wà lórí ẹ̀, ìyá sì ti kú láti ọdún mọ́kànlá.

Mo pe bàbá, kò gbé e. Mo lọ sílé, ó ti lọ dẹ ìgbẹ́. Ìgbà tí mo bá a, ó ní òun máa pe lọ́yà lọ́sẹ̀ yẹn kó lè yí ìwé náà sí orúkọ òun. Ọ̀sẹ̀ yẹn di oṣù mẹ́ta! Mo gbé ata rodo lọ fi kí i, ó ju odidi ẹyọ kan sẹ́nu, omi ń dà lójú ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí kó má lọ kú kí ìwé tó jáde. Kó tó jáde lóòótọ́, ọjọ́ tí wọ́n ń yan oko tí wọ́n máa fowó sí ti kọjá. Ó di ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ìgbà tó wá bọ́ sí i, ó dùn. Mi ò tíì lo ju ọdún mẹ́wàá nídìí oko, nítorí náà iye tí wọ́n san fún mi ju ti àgbẹ̀ tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ lọ, mo sì gba ìdajì ṣáájú, pẹ̀lú àṣẹ pé kí n ná an láàárín 90 ọjọ́. Ẹ fẹnu ara yín béèrè ìyẹn. Iye tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń san, ẹ má wo rìsíìtì yín.

Ojú àgbàrá kejì, àwòrán wọn la tẹ̀ lé: ó fẹ̀, kò jìn, omi ń rìn jẹ́jẹ́ lórí koríko. Èyí tí mo fowó ara mi gbẹ́ dà bíi gọ́tà Mushin, òjò sì ti jẹ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo ti kọ̀wé míì fún un. Ọkọ́ wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì, mo ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í.