Bí bọ́tìnì Windows àti ọfà kò bá to fèrèsé kọ̀ǹpútà yín mọ́: bí a ṣe ń ṣe é

Ẹni tó ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, yálà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Lágéré tàbí nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, mọ àǹfààní kí fèrèsé méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fọ́tò ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kọ wà lápá òsì, Word wà lápá ọ̀tún, ojú ń kà, ọwọ́ ń tẹ̀. Ẹ di bọ́tìnì Windows mú, ẹ tẹ ọfà òsì, fèrèsé tí ẹ wà nínú rẹ̀ á sún sí òsì, á sì gba ìdajì ojú kọ̀ǹpútà. Ọfà ọ̀tún ń gbé e lọ sí ọ̀tún, ọfà òkè ń jẹ́ kó gba gbogbo ojú. Láti orí Windows 7 tó jáde ní 2009 ni èyí ti wà.

Tó bá wá di pé ẹ tẹ̀ ẹ́ títí tí fèrèsé kò mira, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sáré ra kíbọ́ọ̀dù tuntun. Nínú èyí tí mo ti rí, kíbọ́ọ̀dù kì í sábà jẹ̀bi.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Ẹ fi máòsì ṣí Start, ẹ kọ osk síbẹ̀, ẹ tẹ Enter. Kíbọ́ọ̀dù kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ mú Word wá síwájú, ẹ fi máòsì tẹ àmì Windows lára kíbọ́ọ̀dù yẹn, kí ẹ wá tẹ ọfà òsì rẹ̀. Bí Word bá sún, ara kọ̀ǹpútà le. Kíbọ́ọ̀dù tí ẹ ń fọwọ́ tẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí kò bá sún, inú kọ̀ǹpútà ni ẹ máa wò. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí kò gba àkókò, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín lásán.

Bó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù

Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń ṣeré géèmù máa ń ní ohun tó ń ti bọ́tìnì Windows pa, kí ẹni tó ń ṣeré má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Irú wọn pọ̀ nínú tòkunbọ̀. Ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ẹ máa rí àmì àgádágodo kékeré, tàbí kí ẹ di Fn mú kí ẹ tẹ Windows. Lára ọ̀pọ̀ wọn, báyẹn ni wọ́n ṣe ń tú u. Ẹni tó bá ń lo ọfà tó wà láàárín àwọn nọ́ńbà apá ọ̀tún náà, Num Lock lè sọ ọfà yẹn di nọ́ńbà lásán. Ọfà mẹ́rin tó dá dúró ni kí ẹ lò.

Èyí tó ń da àwọn atẹ̀wé láàmú jù ni Filter Keys. Bí ìka bá wà lórí Shift apá ọ̀tún fún ìṣẹ́jú-àáyá 8, Windows á béèrè bóyá kí òun tan án; ẹni tó ń kánjú á tẹ Yes láì kà á. Láti ìgbà náà, bọ́tìnì tí ẹ kò bá tẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kò ní dáhùn. Ẹ lọ sí Settings, Accessibility, Keyboard, kí ẹ pa á.

Bó bá jẹ́ inú kọ̀ǹpútà

Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ wọ Multitasking, kí ẹ tan Snap windows, ohun tó ń jẹ́ kí fèrèsé lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń fi hàn pé ó ti kú ni pé, bí ẹ bá fi máòsì wọ́ fèrèsé lọ sí etí ojú kọ̀ǹpútà, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Bó bá wà ní títàn tí kò sì ṣiṣẹ́, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Ẹ wá Windows Explorer nínú èyí tó bá yọ, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́, ẹ mú Restart. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn díẹ̀ kó tó padà. Ẹ má jáyà.

Àwọn fèrèsé kan sì wà tí kò lè sún rárá, nítorí ẹni tó ṣe wọ́n kò fún wọn láyè láti tóbi tàbí kéré. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Fún àwa tí à ń tẹ Yorùbá

Àwọn kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kan ń lo Alt apá ọ̀tún, tí wọ́n kọ AltGr sí lára, fún ẹ, ọ àti ṣ. Lójú Windows, AltGr kò yàtọ̀ sí kí ẹ di Ctrl àti Alt mú pọ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fi Ctrl, Alt àti E ṣe ọ̀nà àbùjá sí Excel, ẹ máa fẹ́ tẹ “ẹ”, Excel ni yóò ṣí. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ àwòrán Excel lórí désítọ́ọ̀pù, ẹ mú Properties, ẹ tẹ àyè Shortcut key, ẹ tẹ Backspace kó di None, kí ẹ tẹ OK. Nínú Word, Ctrl, Alt àti S ló ń pín ìwé sí méjì. Bó bá pín lójijì, ẹ lọ sí View, ẹ mú Remove Split. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà Intel àtijọ́, Ctrl, Alt àti ọfà lè dorí ojú kọ̀ǹpútà kodò. Ctrl, Alt àti ọfà òkè á dá a padà.

Bí fèrèsé bá sọnù

Èyí wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ projector ní kíláàsì: ẹ ń rí i pé Word ṣí, àmọ́ ẹ kò rí i lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi Alt àti Tab yàn án. Ẹ tẹ Alt àti Space, ẹ tẹ M, ẹ tẹ ọfà èyíkéyìí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá sún máòsì. Fèrèsé á tẹ̀lé e wọlé. Ẹ tẹ máòsì lẹ́ẹ̀kan láti gbé e kalẹ̀. Bí M kò bá dáhùn, fèrèsé náà ti gba gbogbo ojú ni. Ẹ tẹ Alt àti Space padà, ẹ tẹ R, kí ẹ tó tún M tẹ̀.