Bí mo ṣe fi ìka àti iná ewé ài tọ́jú ara mi nígbà tí ọ̀rá kó sínú ẹ̀dọ̀ mi ní Wuhan

Ní ọdún tí mo ń kọ ìwé àṣekágbá mi lọ́wọ́ ní ìlú Wuhan, àyẹ̀wò ara tí wọ́n ń ṣe fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ tó ti òkèèrè wá fi hàn pé ọ̀rá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó sínú ẹ̀dọ̀ mi. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ALT, tó máa ń pọ̀ bí nǹkan bá ń ṣe ẹ̀dọ̀, èyí tí ìwé àyẹ̀wò wọn sọ pé kò yẹ kó ju 40 lọ, ti di 68. Dókítà tó wo sikáànù náà kò kọ oògùn kankan fún mi. Ó ní kí n dín ọ̀rá àti ohun dídùn kù, kí n máa rìn lójoojúmọ́, kí n sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nígbà tí mo sọ fún un pé oorun kì í kùn mí mọ́, tí inú sì máa ń tètè bí mi, ó ní kí n lọ sí ẹ̀ka ìṣègùn ìbílẹ̀ tó wà nínú ọgbà kan náà.

Obìnrin àgbàlagbà kan ni dókítà tí mo bá níbẹ̀. Ó wo ahọ́n mi, ó fi ìka mẹ́ta gbọ́ bí iṣan ṣe ń sọ lọ́rùn ọwọ́ mi méjèèjì, ó wá ṣàlàyé pé nínú ìmọ̀ tiwọn, ẹ̀dọ̀ kì í ṣe ẹran inú lásán: òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ àti qi, ìyẹn agbára tó ń gbé ara ró, máa lọ geere láìsí ìdíwọ́, ìbínú sì ni ohun tó máa ń tètè bà á jẹ́. Òróńro ni wọ́n kà sí ìkejì rẹ̀. Mo sọ fún un pé nílẹ̀ tiwa, ẹni tí inú ń bí la máa ń bẹ̀ pé kó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróńro. Ó ní kí n tún un sọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìtọ́jú tó yàn fún mi ni kí n máa fi ìka tẹ ojúko kan, ìyẹn ibì kan lára tí wọ́n gbà pé ó so mọ́ ẹ̀yà inú, kí n sì máa fi iná ewé ài, ewé olóòórùn kan tí wọ́n fi ń ṣe egbòogi ní China, yá àwọn ojúko mìíràn. Ohun tó tẹnu mọ́ jù, tí mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí fi sọ́kàn, ni pé kì í ṣe gbogbo ojúko ara là ń fi iná yá. Etí ahọ́n mi pọ́n, èyí tó jẹ́ àmì lójú wọn pé ooru ti há mọ́ ẹ̀dọ̀, a kì í sì í fi iná kún iná. Ìka nìkan ni kí n fi tẹ ojúko ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n inú mi tutù, oúnjẹ kì í dà dáadáa, wọ́n sì gbà pé irú inú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá ti ń rí àyè kó jọ. Ibẹ̀ ni iná wà fún.

Ojúko ẹ̀dọ̀ tí mo ń tẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Taichong. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀, ìyẹn ipa tí wọ́n gbà pé qi ẹ̀dọ̀ ń tọ̀ lára, ní ojúko 14, ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó sì parí sí ìhà, lábẹ́ ọmú. Láti rí Taichong, mo máa ń fi ìka sáàárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e, màá wá fà á gòkè díẹ̀díẹ̀ lórí ẹsẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí egungun méjèèjì ti fẹ́ pàdé. Kòtò kékeré kan wà níbẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò gbọ́ bí iṣan ṣe ń lù wọ́ọ́rọ́wọ́ lábẹ́ ìka. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ, kì í ta mí bí abẹ́rẹ́. Ńṣe ló máa ń ro mí lọ sínú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará China ń lò fún un ni suān, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún ohun tó bá kan lẹ́nu. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mò ń lò fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí n tó sùn.

Ewé ài ni iná náà ń jó. Wọn a sá a gbẹ, wọn a gún un, wọn a kù ú títí yóò fi dà bí òwú, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó fi pépà dì í bí sìgá ńlá. Èyí tó ti pẹ́ ọdún mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ràn, torí pé iná rẹ̀ kì í le jù. Qichun, ní ìpínlẹ̀ Hubei tí Wuhan jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni ài ti lókìkí jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Li Shizhen, ẹni tí ìwé ńlá rẹ̀ lórí egbòogi jáde ní Nanjing ní 1596. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún kàlẹ́ńdà wọn, mo rí ài tútù tí wọ́n fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ilé.

Ojúko tí mò ń fi iná yá jẹ́ méjì. Zusanli wà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sísàlẹ̀ kòtò ìta orúnkún, kí a wá sún sí ìta egungun ojúgun ní ìwọ̀n ìka kan; Zhongwan sì wà láàárín ìdodo àti ibi tí egungun àyà parí sí. Mo máa ń gbé ojú iná náà jìnnà sí awọ ara ní ìwọ̀n ìka méjì, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí ara ibẹ̀ yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, fóònù dún, mo wojú rẹ̀, eérú pupa sì já lé mi lórí ojúgun. Ó lé ròrò bí ẹ̀wà kan, n kò sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn mọ́ títí ó fi jinná. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìka méjì ọwọ́ òsì sí ẹ̀gbẹ́ ojúko náà kí ìka tètè mọ̀ bí ooru bá pọ̀ jù, tí mo sì ń gbọn eérú dànù léraléra. Fèrèsé gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, nítorí èéfín rẹ̀ nípọn. Bí mo bá ṣe tán, inú ìgò tí mo bu iyanrìn sí ni mo máa ń rì í bọ̀, màá sì dé e pa, torí iná inú rẹ̀ lè máa jẹ lọ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ti kú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ALT mi ti wálẹ̀ sí 43, mo sì ti fọn ní kílò márùn-ún. N kò lè fi ìyẹn lé ài lọ́wọ́, nítorí mo ti jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti oúnjẹ dídín, mo sì ń rìn fún wákàtí kan lójoojúmọ́. Oorun ni mo lè jẹ́rìí sí: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí mo bẹ̀rẹ̀ títẹ ẹsẹ̀, n kì í jí láago méjì òru mọ́.

Dókítà àgbà náà kìlọ̀ pé kí aboyún má ṣe é láìbéèrè, kí ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri má fi iná súnmọ́ ọn rárá, nítorí kò ní mọ ìgbà tó ń jóná. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée sì yàgò fún èéfín náà.

Nígbà tí màmá mi gbọ́, wọ́n béèrè lórí fóònù bóyá kí àbúrò wọn tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B fi ài rọ́pò oògùn tó ń lò. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má jẹ́ kí Àǹtí dá oògùn yẹn dúró fún ọjọ́ kan. Kòkòrò ló wà nínú ẹ̀dọ̀ tiwọn, ài kì í pa á.” Wọ́n ní àwọn gbọ́. Díẹ̀ tí mo rà kún ẹrù tí mò ń gbé bọ̀ wálé, orúnkún Màmá fúnra wọn ni mo fẹ́ fi yá.