Tẹ́ẹ̀sì ń pàásì lórí láptọ́ọ̀pù, ó dórí server ó ń féèlì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àbúrò mi kan tó ń ṣe iṣẹ́ tẹ́ẹ̀sì (kóòdù tó ń yẹ site wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ) ló bi mí láwọn ìbéèrè yìí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo kó wọn jọ torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín náà ló ń bá a yí. Site kan táwọn oníṣòwò fi ń dá àjọ ló ń tẹ́ẹ̀sì, Python ló fi kọ tẹ́ẹ̀sì náà, pẹ̀lú Selenium tó ń bá a ṣí Chrome tó sì ń tẹ bọ́tìnì bí èèyàn, pytest ló fi ń run ún. Ìbàdàn ló ń gbé, server (kọ̀ǹpútà tó ń lò láti òkèèrè) tó yá wà ní Jámánì, Ubuntu ló wà lórí ẹ̀, kò ní skríìnì kankan, ssh (ọ̀nà láti tẹ àṣẹ sí i láti ibi jíjìn) nìkan ló fi ń wọlé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí láptọ́ọ̀pù mi gbogbo ẹ̀ ló pàásì, mo wá gbé e sórí server, Chrome ò tiẹ̀ ṣí rárá, ó ń kọ session not created, DevToolsActivePort file doesn't exist. Mo ti yọ Chrome tí mo tún un gbé sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Má yọ ọ́ mọ́, àbúrò. Ohun tí wọ́n kọ yẹn ò ju pé Chrome dìde àmọ́ ó kú kó tó dá Selenium lóhùn, ohun tó pa á la máa wá. Lórí server bíi tìẹ yìí, ó fẹ́ ṣí fèrèsé, kò rí skríìnì tó máa ṣí i sí, torí náà fi `--headless=new` (ìyẹn kó ṣiṣẹ́ láìgbé fèrèsé sójú skríìnì) sínú options ẹ, àwọn àṣẹ tí Chrome fi ń dìde. Mo sì fura pé root (user tó lágbára lórí gbogbo nǹkan) lo fi wọlé, àbí? Chrome kì í gbà kí root ṣí òun àfi tó o bá fi `--no-sandbox` sí i, ohun tí gbogbo èèyàn á sì sọ fún ẹ nìyẹn, èmi ò ní sọ ọ́ o, torí sandbox yẹn ni ò ní jẹ́ kí ojú ewé burúkú rí kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ mú. Fi adduser dá user míì sílẹ̀, òun ni kó o máa fi run tẹ́ẹ̀sì. Tó o bá tún lọ gbé e sínú Docker (ó ń ti ètò mọ́ inú àpótí tí wọ́n ń pè ní container) lọ́jọ́ iwájú, rántí pé 64MB péré ni Docker ń fún `/dev/shm`, mẹ́mọ́rì tí Chrome ń pín lò, Chrome á ṣí dáadáa, tó bá wá kan ojú ewé tó wúwo á kú lójijì, fi `--shm-size=2g` sí i nígbà tó o bá ń gbé container dìde.

Ìbéèrè: Ó ti ń ṣí, ẹ ṣeun gan-an. Ó ń gba bí ogójì ìṣẹ́jú kó tó parí, lánàá ó ti lọ jìnnà kí wọ́n tó mú iná, router kú, ìgbà tí mo fi tan jẹnẹrétọ̀ tí mo padà wọlé mi ò bá nǹkan kan mọ́. Ṣé iná ibí ló pa ti Jámánì ni?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o, ó máa ń dun èèyàn. Server ò mọ̀ pé wọ́n mú iná n'Ìbàdàn, ó ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ abẹ́ shell (ètò tó ń gba àṣẹ tó o bá tẹ̀) lo ti run tẹ́ẹ̀sì yẹn, shell náà sì wà lábẹ́ ssh, tí ssh bá já, shell á gba SIGHUP, ìyẹn àmì pé ìlà ti já, á kú, á sì kó gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ dání. Lo tmux, òun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí server bí ssh bá tiẹ̀ já. Tó o bá ti wọlé, tẹ `tmux new -s ajo`, kó o run tẹ́ẹ̀sì ẹ níbẹ̀, lẹ́yìn náà tẹ Ctrl-b kó o wá tẹ d, o lè pa láptọ́ọ̀pù kó o lọ jẹun. Ìgbà tó bá wù ẹ́ kó o padà dé, `tmux attach -t ajo`, wàá bá a níbi tó bá a dé. Tó bá sì jẹ́ pé iná wà, íntánẹ́ẹ̀tì wà, síbẹ̀ ssh ń já tó o bá ti fi í sílẹ̀ láìtẹ nǹkan kan, kọ `ServerAliveInterval 60` sínú `~/.ssh/config` lórí láptọ́ọ̀pù ẹ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, nínú tẹ́ẹ̀sì 86, mẹ́sàn-án ń féèlì, gbogbo wọn ń sọ element not interactable lórí bọ́tìnì "Dá owó". Lórí láptọ́ọ̀pù mi bọ́tìnì yẹn hàn gbangba. Mo fi `time.sleep(10)` sí i, kò yí padà, mo fẹ́ sọ ọ́ di 20.

Ìdáhùn: Má sọ ọ́ di 20. O ò tíì mọ ohun tí Chrome rí níbẹ̀, o ti ń kọ oògùn. Lọ sínú `conftest.py`, lo `pytest_runtest_makereport`, kó o jẹ́ kí gbogbo tẹ́ẹ̀sì tó bá féèlì ya `driver.save_screenshot` kó sì fi `page_source` pamọ́, lẹ́yìn náà fi scp kó wọn wálé, fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi.

(Ó fi ránṣẹ́.) Ó dáa, èmi àti ìwọ ká jọ wo àwòrán yìí. Ó kéré, àbí? Orúkọ site wà lókè lápá òsì, wo apá ọ̀tún, ìlà mẹ́ta kéékèèké tó dúbúlẹ̀ léra wọn, bó ṣe máa ń rí lórí fóònù nìyẹn. "Dá owó" ò sí níbì kankan torí ó ti kó wọnú mẹ́nù yẹn, ó wà nínú kóòdù ojú ewé àmọ́ kò hàn, ìdí nìyẹn tí Selenium fi rí i tí kò sì lè tẹ̀ ẹ́. Fèrèsé tí Chrome ń ṣí ní headless tó ò bá sọ ìwọ̀n fún un, bíi 800 sí 600 ni. Fi `--window-size=1920,1080` sí options, àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á pàásì. Yọ gbogbo sleep yẹn dànù pẹ̀lú, `WebDriverWait` pẹ̀lú `element_to_be_clickable` ni kó o lò, ìyẹn á dúró débi tó bá pọn dandan, kò ní jókòó fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá nígbà tí ojú ewé ti ṣí tipẹ́.

Àmọ́ jọ̀ọ́ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá àti bàbá tó ń dá àjọ lórí site yìí, fóònù ló wà lọ́wọ́ wọn nínú ọjà, àwòrán kékeré tó o rí yìí ni wọ́n ń rí lójoojúmọ́, kò sì sí tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo nínú 86 yẹn tó ṣí mẹ́nù yẹn kó tó tẹ "Dá owó". Kọ ọ̀kan, lo `driver.set_window_size(390, 844)`, kó o ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an.

Ìbéèrè: Mo ti kọ ọ́, ó pàásì. Ọ̀kan ló wá kù tí mi ò mọ ìdí ẹ̀, èyí tó ń wò ó bóyá owó tí wọ́n dá hàn pẹ̀lú déètì òní. Lọ́sàn-án ó ń pàásì, lóru àná mo run ún ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó féèlì, mo tún un run láàárọ̀, ó pàásì.

Ìdáhùn: UTC (aago àgbáyé) ni aago server yẹn wà, wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin torí àwa kì í yí aago. Nígbà tó fi di 12:20 lọ́dọ̀ rẹ, 11:20 alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló wà níbẹ̀. Site mọ̀ pé àkókò Nàìjíríà lòun ń lò, ẹ ti kọ Africa/Lagos sínú settings ẹ̀, tẹ́ẹ̀sì ẹ ni ò mọ̀, torí `date.today()` lo kọ, ìyẹn sì ń bi aago kọ̀ǹpútà tó wà lórí ẹ̀. Láàárín aago méjìlá òru sí aago kan nìkan ló máa féèlì, ìwọ lo ṣe oríire tó o run ún lóru. Kọ `datetime.now(ZoneInfo("Africa/Lagos")).date()`, láti Python 3.9 ni zoneinfo ti wà nínú ẹ̀, o ò ní gbé nǹkan kan sí i.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kó àwọn orúkọ tuntun sínú database tó wà lórí server. Ní báyìí tẹ́ẹ̀sì ń sọ pé "Ọ̀pẹ́" ò bá "Ọ̀pẹ́" dọ́gba. Mo tẹjú mọ́ ọn títí, mi ò rí ìyàtọ̀.

Ìdáhùn: Ojú ò lè rí i. Ṣe `len()` ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀kan á sọ 5, èkejì á sọ 7. Unicode (àkójọ lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò) ní Ọ tó ti ní àmì lábẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan, àmọ́ kò ní Ọ̀ ní ẹyọ kan, ohùn orí ẹ̀ gbọ́dọ̀ dá dúró. Kíbọọ̀dù kan á kọ Ọ kó tó fi ohùn sí i, òmíràn á kọ O, á fi àmì sábẹ́, á tún fi ohùn sórí, lójú àwa ọ̀kan náà ni, lójú kọ̀ǹpútà orúkọ méjì ni. Fi `unicodedata.normalize("NFC", oruko)` sọ méjèèjì di ọ̀nà ìkọ kan náà kó o tó fi wọ́n wéra. Inú site gan-an ni kí ìyẹn wà ṣá, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ pamọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ Ọ̀pẹ́ á máa wá orúkọ ara ẹ̀ nínú àjọ tó ń san owó sí, wọ́n á ní kò sí i. Orúkọ wa ni, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ẹ̀ dáadáa.

Ìbéèrè: Mo fi `-n 6` sí pytest, kó máa run mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà kó lè yá, gbogbo ẹ̀ kú, exit code (nọ́ńbà tí ètò ń dá padà tó bá parí) jẹ́ 137.

Ìdáhùn: 137 yẹn, 128 àti 9 ni, wọ́n fi kill -9 pa á. Mẹ́mọ́rì tán, kernel (ọkàn Ubuntu) wá pa ẹni tó ń jẹ jù, `sudo dmesg | grep -i killed` á fi hàn ẹ́. Mú un wá sí `-n 2`. Kó o sì wò ó bóyá `driver.close()` lo kọ sí ìparí, `driver.quit()` ló yẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn Chrome àná ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ mẹ́mọ́rì.

Ìbéèrè: Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá mi ní tẹ́ẹ̀sì àná green, ìyẹn ni pé gbogbo ẹ̀ pàásì, mo ṣí log, 3 failed ló wà níbẹ̀.

Ìdáhùn: Èyí ló le jù nínú gbogbo ohun tó o ti bi mí, torí tó bá pupa èèyàn á wò ó, tó bá ti jẹ́ green kò sẹ́ni tó máa wò ó, wọ́n á gbé e jáde fáwọn tó ń fi owó wọn síbẹ̀. Mo mọ̀ pé `pytest | tee log.txt` lo kọ sínú script ẹ. Pytest dá 1 padà pé nǹkan féèlì, àmọ́ tee ló kẹ́yìn, òun kọ log ẹ̀ tán láìsí wàhálà, ó dá 0 padà, 0 yẹn ni wọ́n gbà. Kọ `#!/bin/bash` sókè script, kó o kọ `set -o pipefail` tẹ̀ lé e, ìyẹn ni ò ní jẹ́ kí 0 ti tee bo 1 ti pytest mọ́lẹ̀. Tó o bá ti ṣe é, mọ̀ọ́mọ̀ kọ tẹ́ẹ̀sì kan tí kò ní ju `assert False` lọ, run script náà láti láptọ́ọ̀pù ẹ nípasẹ̀ ssh, kó o tẹ `echo $?`. Tó bá sọ 1, ó ti tọ́, yọ tẹ́ẹ̀sì yẹn kúrò. Tó bá sọ 255, ssh fúnra ẹ̀ ni ò wọlé. Tó bá sì ṣì ń sọ 0, má jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan kan jáde lónìí, pè mí.