Ọjọ́ tí mo gbé ìró màmá mi lọ sí Ìtòkú

Ìró kan péré ni mo mú nínú àpótí màmá mi lẹ́yìn ìsìnkú. Adìrẹ ẹlẹ́kọ ni, aṣọ aláró tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí. Aró rẹ̀ ti ṣá létí, ṣùgbọ́n àwọn ilà ara rẹ̀ ṣì hàn ketekete. Ìtòkú ni wọ́n ti rà á, l'Abẹ́òkúta tí wọ́n bí wọn sí. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé màá lọ wo ibi tí wọ́n ti ṣe é. Nígbà tó di Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án, mo ká a sínú báàgì, mo gbọ̀nà.

Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ti Èbúté Mẹ́ta lọ sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, ni mo wọ̀ ní Agége. Ó gbà mí lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ, wà ní Ladérin, ó sì jìnnà sí ìgboro. Awakọ̀ tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ bu owó ńlá lé mi, ó ti rí i pé àlejò ni mí. Mi ò bá a jà. Mo dúró títí obìnrin méjì tó ń lọ sí Kútọ̀ fi jáde, a jọ wọ ọkọ̀ kan, a dá owó.

"Olúmọ lẹ̀ ń lọ, àbí?" awakọ̀ bi mí nígbà tó ku èmi nìkan.

"Rárá o. Láfẹnwá ni, ẹ̀bá odò."

"Àǹtí, Olúmọ làwọn àlejò máa ń lọ o."

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n bí màmá mi bá ń sọ ìtàn ìgbà èwe wọn, wọn kì í sọ ti òkè. Odò ni wọ́n máa ń sọ.

Odò Ògùn kún lọ́jọ́ náà, ó pupa bí ẹrẹ̀ òjò, ẹ̀ka igi ń bá a lọ. Mo dúró nítòsí afárá, mò ń wò ó. Ó máa ń dùn mí bí àwọn èèyàn bá ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń pe Ògún, òrìṣà irin. Odò Yemọja ni èyí. Apá Ṣakí ló ti ṣàn wá, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì lọ wọ ọ̀sà l'Ékòó. Kí rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901, ojú omi yìí ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ń gbà gbé epo pupa àti òwú lọ sí Èkó, tí ẹrù òyìnbó sì ń gbà wọlé. Ọ̀nà ọjà ni omi yẹn jẹ́ fún àwọn baba wa, ó sì yẹ kí á máa wò ó bẹ́ẹ̀.

Òjò lé mi wọ búkà kan. Láfún ni mo pè, pẹ̀lú ewédu àti pọ̀nmọ́. Funfun ni, ó rọ̀, ó sì ní òórùn kíkan díẹ̀ tí ẹni tí wọn ò fi tọ́ dàgbà lè má fẹ́ràn. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Mo bi ìyá olóńjẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ ni wọ́n máa bó, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí á fi rọ̀, wọ́n á fún un, wọ́n á wá sá a. "Orí àpáta la ti ń sá a, ọmọ mi. Kí lòkúta wà fún?" Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Òjò dá, mo wọ ọ̀kadà lọ sí Ìtòkú.

Mi ò fẹ́ parọ́: nǹkan púpọ̀ lójú ọjà náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí wọ́n sì ń pè ní adìrẹ. Ó bà mí nínú jẹ́ gan-an. Ẹ má dúró síwájú ọjà, ẹ wọ àwọn agboolé ẹ̀yìn lọ. Níbẹ̀ ni mo ti bá ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí àpótí. Mo kúnlẹ̀.

"Àrẹ̀dú o, Màmá."

Ojú wọn là. "Hàà! Ta ló kọ́ ọ ní kíkí aláró?"

Mo tú báàgì, mo nawọ́ ìró sí wọn. Wọn ò wo iwájú aṣọ rárá, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ yí wò. Ẹ̀yìn dú bákan náà, kò sí ilà kankan. "O rí i? Ojú kan la máa ń fi ẹ̀kọ sí. Bó o bá rí èyí tí ẹ̀yìn àti iwájú rẹ̀ rí bákan náà, kì í ṣe ẹlẹ́kọ." Wọ́n wá fi ìka tẹ̀ lé ilà kan tó wọ́ díẹ̀. Wọ́n ní ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi fa èyí, torí pátánì tí àwọn ọkùnrin ń gé lára páànù kì í wọ́ báyìí. Wọ́n ka àwọn ìgun mẹ́rin-mẹ́rin ara aṣọ náà. "Olókun ni orúkọ ọnà yìí. Olókun ni ìyá ẹ ró."

Ẹ̀kọ tí wọ́n sì fi ń ya á, láfún ni. Láfún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ní Láfẹnwá! Wọ́n á sè é pẹ̀lú álọ́ọ̀mù kó má baà tètè ṣí kúrò, ibi tó bá bò lára aṣọ ni aró kò ní lè wọ̀.

Ọmọ wọn obìnrin ń rẹ aṣọ lọ́wọ́. Àbẹ́là ni òun fi ṣe tirẹ̀, aró rẹ̀ sì jẹ́ ti inú agolo pẹ̀lú sódà, kì í ṣe ewé ẹ̀lú. Nígbà tó fa aṣọ náà yọ, àwọ̀ ewé ni mo rí, bí omi ewédu. Mo bojú wo Màmá. "Jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i," ni wọ́n wí. Ó tẹ́ ẹ sórí okùn, bí mo sì ṣe dúró tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dú láti etí wá sí àárín, títí gbogbo rẹ̀ fi di aró. Mo lè dúró wo nǹkan yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo ya Aké fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù, ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, lédè Yorùbá. Mo fẹ́ lọ wo ilé Ransome-Kuti náà, òjò ti jẹ àkókò mi.

Lọ́nà Ìkíjà, mo rí i lẹ́yìn ilé kan: láfún funfun báláú lórí àpáta tí oòrùn ti gbẹ, ọmọbìnrin kan ń lé adìẹ kúrò níbẹ̀.

Mo sanwó, mo fẹsẹ̀ gun Olúmọ. Ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá wọ̀ nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn débẹ̀ ní 1830 kò ga, mo bẹ̀rẹ̀ kí n tó wọlé. Àwọn kòtò kéékèèké wà lára òkúta níbi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ. Mo ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó ń dán. Lókè, òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ rẹrẹ. Mo bi afinimọ̀nà níbo ni odò wà. Ó nawọ́, mo rí i, ó ń kọ mànà láàárín àwọn igi.

Kí n tó kúrò ní Ìtòkú, Màmá ti kìlọ̀ fún mi: "Má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́. Omi tútù, iyọ̀ díẹ̀. Má sì sá a sóòrùn." Láàárọ̀ Sunday, mo rẹ ìró náà bí wọ́n ṣe wí, mo sá a sí ibòòji ní bákónì wa, mo yí ojú tí wọ́n ya síta.