Bí mo ṣe kó ìwé-ẹ̀rí ẹgbẹ́ mi jọ, àti wàhálà tí orúkọ mẹ́ta kó mi sí

Sàtífíkéètì mi pọ̀. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìṣiṣẹ́ ló kó mi sí wàhálà. Ní gbogbo ìgbà tí mo lò nílé-ìwé Kátólíìkì, ẹgbẹ́ tí mo wọ̀ kò lóǹkà: akọrin, aríyànjiyàn, Legion of Mary (ẹgbẹ́ àdúrà àti iṣẹ́ àánú nínú Ìjọ), iṣẹ́ pẹpẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kó wọn lọ fún sìkọ́láṣíìpù, àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù yẹ̀ wọ́n wò tán, wọ́n ní èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni wọ́n. Orúkọ orí wọn kò bára mu. Ó ṣì ń dùn mí di òní, nítorí kì í ṣe èmi ni mo kọ orúkọ sára ìwé wọ̀nyẹn. Ilé-ìwé ló kọ ọ́.

Títílayọ̀ ni àwọn òbí mi sọ mí, òun ló wà nínú ìwé ìbí mi. Nígbà ìrìbọmi, wọ́n sọ mí ní Mary. Nígbà tí mo fẹ́ gba kọnfamáṣọ̀n, ìyẹn ìgbà tí bíṣọ́ọ̀bù máa ń fòróró yan ẹni tó ti ṣe ìrìbọmi, tí ẹni náà sì lè mú orúkọ ẹni mímọ́ kan, èmi fúnra mi mú Bernadette, nítorí ọmọbìnrin Lourdes ní ilẹ̀ Faransé yẹn tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 péré nígbà tí Ìyá Wa fara hàn án ní 1858, tí àwọn àgbà da ìbéèrè bò ó lọ́tùn-ún lósì, tí kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tó bá ti lọ sí ilé-ìwé Kátólíìkì rí á mọ bí Mary ṣe máa ń pọ̀ tó. Nínú akọrin wa, bí olùkọ́ bá pe Mary, odidi ìlà kan ló ń dáhùn. Ni olùkọ́ orin bá pàṣẹ pé orúkọ kọnfamáṣọ̀n ni kí kálukú máa jẹ́. Bí mo ṣe di Bernadette nínú akọrin nìyẹn. Nínú rẹ́gísítà kíláàsì, Mary ni mí. Olùkọ́ aríyànjiyàn ní tiẹ̀ kò pè mí ní ohun mìíràn ju Títílayọ̀ lọ, òun náà ló sì kọ sára sàtífíkéètì. Ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ronú pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ yìí máa ní láti kó gbogbo ìwé náà síwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ti Legion ló tiẹ̀ wá burú jù. Láti ìgbà tí Frank Duff ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Dublin ní 1921 ni wọ́n ti ń ṣe ohun gbogbo létòlétò bí ọmọ ogun, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì máa ń pe ara wọn ní Sister àti Brother. Èmi ni akọ̀wé praesidium àwọn ọ̀dọ́ (bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀ka kékeré ẹgbẹ́ náà nìyẹn), èmi ni mò ń kọ iṣẹ́ tí kálukú ṣe lọ́sẹ̀ sílẹ̀: ẹni tó lọ kí aláìsàn, ẹni tó kọ́ ọmọdé ní àdúrà. Lẹ́tà tí ààrẹ wa wá fún mi sọ pé "Sister Bernadette" ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Kò sí orúkọ ìdílé mi níbẹ̀ rárá. Obìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù bi mí pé ṣé lẹ́tà sístà inú kọ́ńfẹ́ǹtì kan ni mo mú wá.

N kò ní sọ bí mo ṣe ṣe fọ́tòkọ́pì tàbí bí mo ṣe kún fọ́ọ̀mù. Ìyẹn kò le. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú fọ́ọ̀mù náà ni ibi tí wọ́n ti ní ká ṣàlàyé ohun tí a gbé ṣe lẹ́yìn kíláàsì, nítorí mo ní nǹkan sọ.

Mo kọ ọ́ pé èmi ni mò ń dá orin ní ọdún tí a gba ife akọrin, lọ́jọ́ ìrántí Ẹni Mímọ́ Cecilia, 22 oṣù kọkànlá. Kyrie, ìyẹn "Olúwa, ṣàánú", inú Missa de Angelis la kọ, orin Máàsì kan tí wọ́n ń kọ ní ọ̀nà Gregorian, orin àtijọ́ Ìjọ. Ìlà mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ orin Gregorian sílẹ̀, kì í ṣe márùn-ún, kò sì sí dùùrù tí yóò bo àṣìṣe ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Sílébù kan ṣoṣo nínú Kyrie yẹn lè gùn títí èémí á fi tán lẹ́nu akọrin. Ohun tí a ṣe ni pé a fi òfin sí i: kò gbọdọ̀ sí ẹni méjì tó jókòó ti ara wọn tí yóò mí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹni ọ̀tún mi bá ń mí, èmi ń gbé ohùn lọ. Bí mo bá fẹ́ mí, mo ti gbọ́ pé tirẹ̀ ti wọlé padà. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò gbọ́ ibi tí orin náà ti já. Orí mi ń wú bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Mo kọ ti aríyànjiyàn náà. Thomas Aquinas, ẹni mímọ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Póòpù Leo Kẹtàlá fi ṣe alábòójútó gbogbo ilé-ìwé Kátólíìkì ní 1880, ni olùkọ́ wa fi kọ́ wa. Ọ̀rọ̀ alátakò ni Aquinas máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, yóò gbé e kalẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà ni yóò tó fèsì. Àwa náà kì í gun orí pèpéle láìjẹ́ pé a lè sọ ẹjọ́ ẹni tó ń bá wa jà ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe lè sọ ọ́ lọ. Ti iṣẹ́ pẹpẹ, mo fi kún un pé mo wà lára àwọn ọmọbìnrin tó gbé àwo tùràrí nílé-ìwé wa. Ní 1994 ni Róòmù kọ̀wé pé bíṣọ́ọ̀bù tó bá fẹ́ lè gba ọmọbìnrin láàyè síbi pẹpẹ, kò sì rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti gbà.

Gbogbo èyí ni wọ́n wá fi orúkọ wọ́ nílẹ̀.

Ọ́fíìsì náà ní kí n mú ẹ̀rí wá pé èmi ni Mary, èmi ni Bernadette. Mo padà sílé-ìwé. Akọ̀wé ibẹ̀ kò tiẹ̀ gbójú sókè tó fi sọ fún mi pé kí n lọ búra nílé ẹjọ́, pé ó ti parí. Mo lọ, mo san owó, mo búra, wọ́n lu òǹtẹ̀. Mo gbé e dé ọ́fíìsì sìkọ́láṣíìpù, wọ́n dá a padà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ẹnu tèmi nìkan ló wà nínú ìbúra yẹn. Ohun tí àwọn ń fẹ́ ni ìwé tí ẹlòmíràn ti kọ orúkọ wọ̀nyẹn sí kí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tó dé. Owó ti lọ. Ọ̀rọ̀ wọn sì mọ́gbọ́n dání, ìyẹn ló tún bí mi nínú: ó yẹ kí ilé-ìwé tó ti ń fún ọmọ ní sàtífíkéètì láti ọjọ́ yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Màmá mi ló rántí ìwé ìrìbọmi. Èyí tó wà nílé ti gbó, Mary ló sì wà níbẹ̀, kò sí Bernadette. Ó ní kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti rì mí bọmi, pé gbogbo ohun tí ọmọ Ìjọ bá gbà lẹ́yìn ìrìbọmi, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Òótọ́ ni. Katekísì, ẹni tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ níbẹ̀, gbé rẹ́gísítà ńlá kan jáde, ó fi ìka tọ ìlà lọ títí ó fi kan orúkọ mi. Létí ìwé náà, níwájú orúkọ àwọn tí a jọ ṣe ìrìbọmi, ẹnì kan ti fi yíǹkì dúdú kọ ọ́ wẹ́wẹ́: ọjọ́ tí wọ́n gba kọnfamáṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti gbà á, àti fún àwọn kan, ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Níwájú tèmi, funfun gbòò.

Katekísì ní kí n lọ rí Fada. Fada náà fara balẹ̀ ṣàlàyé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní. Ó ní Òfin Ìjọ ti 1983 là á sílẹ̀ ní kánọ̀nù 535, ìyẹn abala òfin náà, pé inú ìwé ìrìbọmi ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣe àkíyèsí kọnfamáṣọ̀n. Kánọ̀nù 895 sì sọ pé níbi tí bíṣọ́ọ̀bù bá ti fún ènìyàn ní kọnfamáṣọ̀n, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn òbí rẹ̀ àti ti ẹni tó dúró fún un, kí wọ́n sì fi tó ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ṣe ìrìbọmi létí. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn tí bíṣọ́ọ̀bù fòróró yàn wá ní ṣápẹ́ẹ̀lì ilé-ìwé, ó yẹ kí ẹnì kan ti kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀ṣì tí kálukú wa ti wá. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́. A pọ̀ lọ́jọ́ náà, a wọ funfun, a ya fọ́tò, ó sì parí síbẹ̀.

Ojú mi wá rí màbo. Ilé-ìwé ní Fada tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti kúrò, pé ìwé náà wà ní ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù. Ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ló ń gbé, kí n padà sílé-ìwé. Ilé-ìwé ní àwọn kò ní ìwé kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbá mi síhìn-ín sọ́hùn-ún bíi bọ́ọ̀lù, ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa wọlé sì ń sún mọ́. Mo bẹ̀bẹ̀, mo bínú, mo tún bẹ̀bẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé "jókòó, jẹ́ ká wá a." Nílé-ìwé tí mo ti dá orin, tí ife tí a gbà ṣì wà nínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn!

Sístà àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ló là mí lójú. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣápẹ́ẹ̀lì ilé-ìwé kì í dá dúró. Abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wo ló wà?" Mi ò ronú lọ síbẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nínú gbogbo àwọn tó yẹ kó mọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò jìnnà sí ẹnubodè ilé-ìwé. Mo débẹ̀, wọ́n ṣí rẹ́gísítà kọnfamáṣọ̀n, mo sì rí ara mi: Mary Títílayọ̀, orúkọ ìdílé mi, Bernadette lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ bàbá àti màmá mi, orúkọ ẹni tó dúró fún mi, orúkọ bíṣọ́ọ̀bù. Gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Omi bọ́ lójú mi níwájú akọ̀wé ibẹ̀.

Láti ibẹ̀, ó yá. Fada ṣọ́ọ̀ṣì náà kọ lẹ́tà ìfitónilétí, ó dì í nínú àpòòwé, èmi fúnra mi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìrìbọmi mi, nítorí mi ò tún jẹ́ fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sí etí ìwé níṣojú mi. Wọ́n fún mi ní ìwé ìrìbọmi tuntun tí àkíyèsí kọnfamáṣọ̀n wà lára rẹ̀. Mo fi í lé tábìlì ilé-ìwé, wọn kò rí ohun tí wọ́n máa sọ mọ́, wọ́n kọ lẹ́tà tó to gbogbo sàtífíkéètì mi pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fún mi, tó sì sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni wọ́n. Ọ́fíìsì sìkọ́láṣíìpù gbà á. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún mi ní sìkọ́láṣíìpù ọ̀hún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nílé-ìwé, ohun tí mo máa bá yín sọ kò pọ̀. Lọ́jọ́ ìfúnnilẹ́bùn, kí àtẹ́wọ́ tó tán, ẹ ka orúkọ orí sàtífíkéètì yín. Bí kò bá bá ti ìwé ìbí mu, ẹ dá a padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà nítòsí. Ẹ̀yin ọmọ Legion, ẹ ní kí ààrẹ kọ orúkọ yín ní kíkún. Sister nìkan kò tó. Bí ẹ bá sì gba kọnfamáṣọ̀n níbi tó yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti rì yín bọmi, ẹ má dúró de lẹ́tà tí wọ́n ní àwọn máa kọ. Ẹ lọ wo etí ìwé fúnra yín.

Àbúrò mi ọkùnrin náà wà nínú akọrin ilé-ìwé yẹn báyìí. Ìgbà tí wọ́n fún un ní sàtífíkéètì kẹ́yìn, "Dominic" nìkan ni wọ́n kọ, láìsí orúkọ ìdílé. Mo bá a dá a padà. Wọ́n ní kò sí ìwé tí wọ́n máa fi tẹ òmíràn, a sọ fún wọn pé a máa dúró, a sì jókòó ní ọ́fíìsì wọn títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.